Bí Gíà Ọ̀kadà Bá Kọ̀ Tí Kò Wọlé, Ẹ Má Tíì Jẹ́ Kí Wọ́n La Ẹ́ńjìnì

"Gíàbọ́ọ̀sì ti lọ." Àìmọye ìgbà ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọlọ́kadà. Bí wọ́n bá ti tẹ gíà tí kò wọlé, tàbí tí wọ́n dúró já èrò tí wọn ò rí fíríì, ìdájọ́ ti dé nìyẹn. Mẹkáníìkì á ní òótọ́ ni, wọ́n á sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀, wọ́n á là á sí méjì, ọkọ̀ tó ń bọ́ ilé á sì wà nílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Àbúrò mi jẹ nínú ìyà yìí. Wọ́n la ẹ́ńjìnì Boxer rẹ̀, wọ́n pààrọ̀ irin eléyín méjì, wọ́n dì í padà, gíà náà ṣì le bíi ti tẹ́lẹ̀. Wáyà kílọ́ọ̀ṣì tó ti ń já ní fọ́nrán fọ́nrán nínú rọ́bà rẹ̀ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ó dùn mí títí dòní, torí owó oṣù bíi mélòó kan ló bá a lọ.

Ohun tó ń tan wá jẹ ni bí a ṣe rò pé gíà ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ gíà, ńṣe ni irin eléyín kan ń rìn lọ bá òmíràn kí eyín wọn lè wọnú ara wọn. Bí kò bá wá wọlé, wọ́n á ní eyín ti jẹ. Ti ọ̀kadà kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti to ẹ́ńjìnì náà ni eyín wọn ti wọnú ara wọn ní méjì méjì, wọn kì í sì í tú ká. Ṣùgbọ́n nínú méjì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ń yí lásán lórí ọ̀pá rẹ̀, kò gbé nǹkan kan. Ohun tó ń sọ ọ́ di gíà tó ń fa ọkọ̀ ni èékánná irin kúkúrú kúkúrú tó wà ní ẹ̀gbẹ́ irin kejì tó bá a wà lórí ọ̀pá kan náà. Bí ẹ bá tẹ gíà, irin kan tó là bíi fọ́ọ̀kì á ti eléèékánná yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́, èékánná á kọ́ ihò, àwọn méjèèjì á sì máa yí pọ̀.

Níbí ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Bí agbára ẹ́ńjìnì bá ṣì ń ti èékánná yẹn, ńṣe ló máa fún mọ́ ihò rẹ̀ pinpin. Ẹ wo èèyàn méjì tó ń fa okùn mọ́ ara wọn lọ́wọ́, kí ẹ wá ní kí ẹnì kẹta tú kókó àárín rẹ̀. Bó ti wù kó lágbára tó, kò lè tú u àyàfi tí wọ́n bá dẹ okùn. Kílọ́ọ̀ṣì, tó ń já agbára ẹ́ńjìnì kúrò lára gíà bí ẹ bá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ni ó ń dẹ okùn náà. Bí kílọ́ọ̀ṣì kò bá tú ẹ́ńjìnì sílẹ̀ tán, gíà tó dára jù lọ láyé á le, fíríì á sì ṣòroó rí, ọkọ̀ á tún máa fẹ́ rìn lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ tilẹ̀ di kílọ́ọ̀ṣì mú dé ìdí.

Ìdánwò kan wà tí kò gba kọ́bọ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ di kílọ́ọ̀ṣì mú, kí ẹ máa ti ọkọ̀ síwájú sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń tẹ gíà láti orí ìkíní dé ìgbẹ̀yìn. Ẹ má ṣe gbàgbé láti máa ti ọkọ̀ náà, torí pé bí èékánná kò bá dojú kọ ihò, kò ní wọlé, kò sì túmọ̀ sí pé ó bàjẹ́. Bí gbogbo gíà bá wọlé wẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnì kú, tó wá di ìjà nígbà tó ń ṣiṣẹ́, kílọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ bi léèrè. Ẹ fi gíàbọ́ọ̀sì sílẹ̀.

Wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ó yẹ kí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì kọ́kọ́ rìn lófìfo díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí fa nǹkan: lórí ọ̀pọ̀ ọ̀kadà, bíi mílímítà 10 sí 20 ni ní ṣóńṣó ọwọ́ náà. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ á ti dé ìdí kí àwọn pléètì inú kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn àwọn pẹlẹbẹ tó ń dì mọ́ra láti gbé agbára ẹ́ńjìnì, tó tú kúrò lára ara wọn. Nọ́ọ̀tì tó wà nídìí ọwọ́ àti èyí tó wà lápá ẹ́ńjìnì ni wọ́n fi ń tún un ṣe. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fún un títí tí kò fi ní rìn lófìfo rárá. Kílọ́ọ̀ṣì tí wáyà rẹ̀ le jù kì í dì mọ́ra dáadáa. Ẹ́ńjìnì á máa ké, ọkọ̀ kò ní sáré, pléètì á sì jóná. Àwọn kan á tún wá ní ẹ́ńjìnì ló ti rẹ̀.

Lẹ́yìn wáyà, ọ́ìlì. Nínú èyí tó pọ̀ jù lọ lára àwọn ọ̀kadà wa, ọ́ìlì kan ṣoṣo ni ẹ́ńjìnì, gíà àti kílọ́ọ̀ṣì jọ ń lò. Eyín gíà ń lọ̀ ọ́, kílọ́ọ̀ṣì ń dọ̀tí sí i, ooru ẹ́ńjìnì ń sè é, ìdí nìyẹn tó fi tètè ń gbó, tí gíà sì máa ń le bí ọjọ́ tó yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀ bá ti kọjá. Irú ọ́ìlì tí a rọ sí i náà ṣe pàtàkì. Wọ́n máa ń sọ pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ti ọ̀kadà. Ó wà. Láti 1998 ni àwọn ará Japan ti gbé ìlànà JASO T 903 jáde nítorí kílọ́ọ̀ṣì tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ́ìlì. Àmì MA ti ìlànà yìí ni kí ẹ wá lára ike ọ́ìlì. MB yọ̀ jù fún irú kílọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n kọ "Resource Conserving" sí lára.

Bí ọ̀kadà bá sùn mọ́jú, pàápàá nígbà ọyẹ́, pléètì lè lẹ̀ mọ́ra, kí gíà kìíní wá dún gbọ̀ngàn láàárọ̀. Kò sí ewu níbẹ̀. Bí ó bá lẹ̀ jù, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ fi í sí gíà, ẹ di kílọ́ọ̀ṣì mú kí ẹ sì ti ọkọ̀ títí yóò fi já.

Ẹ wo irin tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ náà. Ọ̀kadà tó ti ṣubú rí, irin yìí lè ti tẹ̀ kó máa kan ara ẹ́ńjìnì, tàbí kí bọ́ọ̀tì rẹ̀ ti dẹ̀. Bí ẹ tẹ gíà tí irin náà kò sì padà sípò rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sípíríǹgì tó ń dá a padà ló kán. Lára Boxer àti àwọn tó jọ ọ́, ìdérí apá ọ̀tún ni wọ́n ń ṣí láti dé ibi sípíríǹgì yìí àti kílọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀. Kò sí ìdí láti la ẹ́ńjìnì. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Gíàbọ́ọ̀sì máa ń bàjẹ́ lóòótọ́, mi ò sẹ́. Bí gíà kan náà bá ń já fúnra rẹ̀ nígbà gbogbo tí ẹ bá fún ọkọ̀ níná, tàbí tí ẹ rí ẹ̀rún irin nínú ọ́ìlì tí ẹ dà nù, tàbí tí gíà kò wọlé rárá nígbà tí ẹ́ńjìnì kú tí ẹ sì ń ti ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n là á. Lọ́pọ̀ ìgbà, kílọ́ọ̀ṣì tí kò tú tán tí wọ́n fi gun ọkọ̀ fún oṣù pípẹ́ ló ń dá a sílẹ̀. Wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ gbá gíà, etí èékánná á jẹ, fọ́ọ̀kì á tẹ̀.

Irin eléyín méjì tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ àbúrò mi ṣì wà nílé. Mo gbé wọn síta sínú oòrùn, mo yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo eyín wọn pé, etí èékánná wọn sì mú bíi tuntun.