Ìdí tí PostgreSQL fi máa ń kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí dátà rẹ̀ bá wà lórí NAS

NAS jẹ́ àpótí díìsìkì tó dá dúró, tí àwọn kọ̀ǹpútà máa ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí a bá kó fáìlì PostgreSQL, tí í ṣe ètò tó ń tọ́jú dátábéèsì, sórí rẹ̀, PostgreSQL kò ní mọ̀ pé ohunkóhun yí padà. Kò ní ètò àkànṣe kankan fún NFS, tí í ṣe ìlànà tí ọ̀pọ̀ NAS fi ń pín fáìlì. Ó gbà pé bí díìsìkì inú kọ̀ǹpútà ṣe ń hùwà ni èyí náà yóò ṣe máa hùwà. Níbi tí ọ̀rọ̀ kò bá ti rí bẹ́ẹ̀ ni dátábéèsì ti máa ń kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀, kíkọ̀ tó kọ̀ yìí ló sì sábà máa ń dáàbò bo dátà. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó ń kọ̀ fún kí a tó ronú àtifipá gbé e dìde.

Inú àkọsílẹ̀ PostgreSQL fúnra rẹ̀ ni ìdí náà wà. Àṣẹ systemctl, tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Linux, kì í sábà sọ ju pé iṣẹ́ náà kùnà lọ. Journalctl, àṣẹ tó ń fi àkọsílẹ̀ àwọn iṣẹ́ hàn, ni a ó yẹ̀ wò, tàbí fódà log tó wà nínú fódà dátà, tàbí docker logs bó bá jẹ́ pé inú kọ̀ǹténà, ìyẹn àyè tí Docker fi ń ya ètò kan sọ́tọ̀, ni dátábéèsì wà. Ìlà FATAL tàbí PANIC, ìyẹn àṣìṣe tó dá ètò dúró, tó kọ́kọ́ jáde ni kí a kà, nítorí pé àwọn tó tẹ̀ lé e sábà máa ń jẹ́ àtubọ̀tán rẹ̀.

Bí ìlà náà bá sọ pé fódà dátà kò sí, kí a má ṣe tètè gbà pé dátà ti sọnù. Ó lè jẹ́ pé ńṣe ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ tan kọ̀ǹpútà, tí dátábéèsì sì ti fẹ́ dìde kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó délẹ̀ àti kí kọ̀ǹpútà tó so fódà NAS mọ́ àyè rẹ̀. Àṣẹ findmnt yóò fi hàn bóyá NFS ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. A ó kọ _netdev, tó ń sọ pé orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni fódà náà wà, sí ìlà NAS nínú /etc/fstab, fáìlì tó ń sọ ohun tí kọ̀ǹpútà yóò so mọ́ra nígbà tó bá ń dìde, a ó sì fi RequiresMountsFor= sínú ètò PostgreSQL lábẹ́ systemd, tí ń bẹ̀rẹ̀ àwọn iṣẹ́ Linux, kí ó lè dúró de fódà náà. Ti kọ̀ǹténà léwu ju èyí lọ, nítorí pé bó bá bá fódà òfìfo, ńṣe ni yóò dá dátábéèsì tuntun sílẹ̀ síbẹ̀, gbogbo nǹkan yóò sì dà bí ẹni pé ó ń lọ déédéé, àfi pé kò ní sí ẹyọ àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni fáìlì ló máa ń gba àkókò jù. Kí PostgreSQL tó bẹ̀rẹ̀, ó máa ń wò ó bóyá aṣàmúlò tó ń gbé e dìde gan-an ló ni fódà dátà, àti pé àṣẹ orí fódà náà kò ju 0700 lọ (ẹni tó ni ín nìkan), tàbí 0750 láti ẹ̀dà 11 wá (ẹgbẹ́ rẹ̀ náà lè kà á). Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yóò kọ "data directory has wrong ownership" tàbí "has invalid permissions", yóò sì dúró. Ẹni tó bá fi chmod 777, tó ń ṣí fódà sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, dáhùn ti ṣe ohun náà gan-an tí PostgreSQL ń kọ̀. Lórí NFS ẹ̀dà 3, nọ́ńbà aṣàmúlò ló ń rìn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, orúkọ rẹ̀ kì í rìn. Aṣàmúlò postgres jẹ́ 999 nínú ìmáàjì Docker (àwòṣe tí a fi ń dá kọ̀ǹténà) tí a kọ́ lórí Debian, ó sì jẹ́ 70 nínú ti Alpine, irú Linux mìíràn. Ẹni tó bá pààrọ̀ ọ̀kan sí èkejì lórí fáìlì kan náà ti sọ dátà rẹ̀ di ti àjèjì láìmọ̀. NFS ẹ̀dà 4 lè fi orúkọ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ìpààlà orúkọ tí a kọ sínú idmapd, ètò tó ń so orúkọ mọ́ nọ́ńbà, kò bá dọ́gba ní ìhà méjèèjì, gbogbo fáìlì lè di ti nobody, aṣàmúlò tí kò ní àṣẹ kankan. Ìdí nìyẹn tí ó fi dára kí a lo ls -ln, tó ń fi nọ́ńbà hàn, dípò ls -l lásán.

Nígbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fẹ́ lo chown, àṣẹ tó ń yí ẹni tó ni fáìlì padà, tí wọ́n á sì rí "Operation not permitted" bó tilẹ̀ jẹ́ pé root, aṣàmúlò tó ní gbogbo àṣẹ, ni wọ́n. Iṣẹ́ root_squash nìyẹn: NAS máa ń sọ root tó wá láti ibòmíràn di nobody, kí ẹni tó ní àṣẹ lórí kọ̀ǹpútà kan má baà ní àṣẹ lórí gbogbo fáìlì. Ojú ibẹ̀ náà ni ìmáàjì Docker máa ń kọsẹ̀ sí, nítorí pé òun pẹ̀lú máa ń gbìyànjú láti ṣe chown nígbà tó bá ń dìde. Ọ̀nà tó tọ́ ni pé kí a wọlé sórí NAS fúnra rẹ̀, kí a fi fódà náà fún nọ́ńbà tó yẹ níbẹ̀, kí a sì fi --user gbé kọ̀ǹténà dìde pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà. A lè kọ no_root_squash, yóò sì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àṣẹ tó pọ̀ jù ni fún ìṣòro tó kéré báyìí. Ní ti SMB, tí Windows ń lò, orí àsomọ́ rẹ̀ ni a sábà ti máa ń yan ẹni tó ni gbogbo fáìlì lẹ́ẹ̀kan náà, chmod kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ nípa níbẹ̀. Kò yẹ kí a gbé PostgreSQL sórí rẹ̀ rárá.

Fáìlì postmaster.pid gba sùúrù ju gbogbo èyí lọ. Inú rẹ̀ ni PostgreSQL ń kọ nọ́ńbà ètò tó ń ṣiṣẹ́ sí. Bí a bá fẹ́ gbé òmíràn dìde, yóò ka nọ́ńbà yìí, yóò sì bi kọ̀ǹpútà tó wà lórí rẹ̀ léèrè bóyá ètò náà ṣì wà láàyè. Lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ìdáhùn náà ṣeé gbára lé. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà méjì bá so mọ́ NAS kan náà, èkejì kò lè rí ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí èkíní. Ó lè gbà pé ẹni tó kọ fáìlì náà ti kú, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ńṣe ló máa dà bí akọ̀wé méjì tó ń kọ ojú ewé kan náà nínú ìwé gbèsè láìgbúròó ara wọn. Ó sì lè jẹ́ pé nọ́ńbà àtijọ́ ti bọ́ sọ́wọ́ ètò mìíràn tí aṣàmúlò kan náà ń lò, tí PostgreSQL yóò sì kọ̀, tí yóò ní lock file ti wà níbẹ̀. Kí a tó pa fáìlì yìí rẹ́, a gbọ́dọ̀ dé orí gbogbo kọ̀ǹpútà tó so mọ́ fódà náà, kí a rí i dájú pé kò sí postgres kankan tó ń ṣiṣẹ́.

Ìwé ìtọ́ni PostgreSQL sọ pé ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ dandan fún NFS ni pé kí a fi àṣàyàn tó ń jẹ́ hard so ó. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, hard yóò mú kí dátábéèsì dúró de NAS. Soft, tí í ṣe òdìkejì rẹ̀, yóò sọ fún un pé kíkọ dátà sílẹ̀ kùnà. Lórí NAS tó ń lo Linux, ó yẹ kí a fi sync pín fódà náà pẹ̀lú, nítorí pé async máa ń dáhùn pé òun ti kọ dátà sílẹ̀ kí ó tó dé orí díìsìkì. Níbi tí iná ti máa ń lọ láìròtẹ́lẹ̀, èyí ló máa ń bí "could not locate a valid checkpoint record", ìyẹn pé kò rí ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí a bá tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dà gbogbo fódà náà ni kí a kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà kí a lọ sídìí ìpamọ́ (backup) tó gbẹ̀yìn. Àṣẹ pg_resetwal lè gbé e dìde, ṣùgbọ́n ó ń ju ìtàn àwọn àyípadà tó gbẹ̀yìn nù, dátà tó kù sì lè má bára mu mọ́. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, pg_dump, àṣẹ tó ń kó dátà jáde, ni ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, kí a sì kó ohun tó jáde sínú dátábéèsì tuntun.

Fún ẹni tí NAS rẹ̀ ní iSCSI, ìlànà tó ń fún kọ̀ǹpútà ní díìsìkì lódindi lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó dára kí ó lò ó dípò NFS, nítorí pé ńṣe ni yóò rí díìsìkì gidi tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò fi ext4 tàbí XFS, ọ̀nà tí Linux fi ń to fáìlì, ṣe. Ìṣòro nọ́ńbà aṣàmúlò àti root_squash kò ní sí mọ́. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni kí a so díìsìkì bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́ẹ̀kan, torí pé ext4 àti XFS kò mọ bí a ṣe ń pín díìsìkì kan láàrin méjì.