Àṣìkọ Tó Di Ọ̀rọ̀ Gbogbo Ayé: Ìtàn OK

Ọ̀rọ̀ tí àwa Yorùbá ń pè ní ó kéè, tí ọlọ́jà máa ń sọ kó tó fa láílọ́ọ̀nù yọ láti di ọjà fún oníbàárà, tí ọmọdé sì ń fi dáhùn títí àgbàlagbà á fi bi í pé ṣé ẹgbẹ́ rẹ̀ lòun, kò ju lẹ́tà méjì lọ, àṣìkọ sì ni méjèèjì.

Ní nǹkan bí ọdún 1838, àwọn oníwèé ìròyìn ìlú Boston ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀fẹ̀ kan dé: wọn a mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò kàwé, wọn a wá fi lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan dípò gbogbo rẹ̀. Bí "all right" ṣe di "oll wright", tí wọ́n gé kù sí O.W., bẹ́ẹ̀ ni "all correct", èyíinì ni pé gbogbo rẹ̀ pé, di "oll korrect".

O.W. ti kú tipẹ́. Ìbò ló gba O.K. là. Ní ọdún 1840, Martin Van Buren tó wà lórí àléfà ń du ipò ààrẹ lẹ́ẹ̀kejì. Kinderhook ní ìpínlẹ̀ New York ni wọ́n ti bí i, àwọn èèyàn rẹ̀ sì ń pè é ní "Old Kinderhook", bí ìgbà tí a bá ní bàbá ará Kinderhook. Lẹ́tà méjì náà ṣe wẹ́kú, ni wọ́n bá fi sọ ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún un ní New York lórúkọ. Àwọn alátakò náà kò dákẹ́: wọ́n ní Andrew Jackson, tí Van Buren gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, ni kò mọ̀wé kọ, tó ń fi O.K. buwọ́ lu ìwé ìjọba. Van Buren fìdí rẹmi lọ́wọ́ William Henry Harrison, ṣùgbọ́n ariwo ìbò ti gbé ọ̀rọ̀ náà ká gbogbo ilẹ̀.

Àwọn kan ní èdè Choctaw, ti àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló ti wá. Àwọn mìíràn nawọ́ sí "waw kay" ti àwọn Wolof ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, èmi náà ì bá sì fẹ́ kó jẹ́ tiwa. Àmọ́ Allen Walker Read, onímọ̀ èdè ní yunifásítì Columbia, tú ìwé ìròyìn àtijọ́ wò fínnífínní, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1963 àti 1964. Nínú Boston Morning Post ti ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 1839, láàárín gbólóhùn tí wọ́n fi ń ta oníwèé ìròyìn kan ní Providence lẹ́nu, "o.k." wà níbẹ̀ ní lẹ́tà kékeré, "all correct" sì tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí òǹkàwé má bàa ṣì í kà.