Pípín dísìkì fún Linux lórí kọ̀ǹpútà ilé

Pípín dísìkì ni pípààlà sí ààyè orí dísìkì kọ̀ǹpútà kí a tó gbé Linux, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà bíi Windows, sí i, yálà Linux nìkan ni yóò wà níbẹ̀ tàbí òun àti Windows ni yóò jọ máa lò ó. Ibi tí a to ìpín kọ̀ọ̀kan sí ṣe pàtàkì bí ìwọ̀n rẹ̀.

Ìwọ̀n àti tábìlì ìpín

Dísìkì tí wọ́n kọ 500 GB sí lára máa ń hàn bí 465 nínú Windows. Kò sí ohun tó sọnù: ẹni tó ṣe dísìkì ń fi 1,000 ṣírò, Windows ń fi 1,024 ṣírò. Tábìlì ìpín ni àkọsílẹ̀ ibi tí ìpín kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Irú rẹ̀ tó ń jẹ́ GPT ló bá kọ̀ǹpútà oní-UEFI mu, ìyẹn èyí tó ń fi ètò UEFI dìde.

Àwọn ìpín

Inú ìpín EFI, tó ń lo FAT32 (ọ̀nà ìtò fáìlì kan), ni kọ̀ǹpútà ti ń bẹ̀rẹ̀. 100 MB ni èyí tí Windows ń dá sábà máa ń jẹ́. Linux lè bá a lò ó, ṣùgbọ́n bí a bá nù ún, Windows kò ní lè dìde mọ́. Bí Linux tí a yàn bá ń kó kernel, ọkàn Linux, síbẹ̀, yóò tètè kún. Lórí dísìkì tuntun, 1 GB tó.

Gbòǹgbò, tí àmì rẹ̀ jẹ́ /, ni Linux fúnra rẹ̀ ń gbé. 25 GB lè tó níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n Flatpak àti Snap, àwọn ọ̀nà tí a ń gbà gbé ètò sórí Linux, ń kó ẹrù wọn sí /var, kernel àtijọ́ sì ń pọ̀ sí i, nítorí náà 50 GB ló fọkàn ẹni balẹ̀ jù. Bí gbòǹgbò bá kún, ìmúdójúìwọ̀n lè dúró lágbedeméjì, ojú ìwọlé sì lè má ṣí.

Fáìlì oníkọ̀ǹpútà wà ní /home. Bí a bá yà á sọ́tọ̀, a lè nu gbòǹgbò kí a sì tún Linux gbé síbẹ̀ láìfọwọ́ kan fáìlì kankan. Àléébù rẹ̀ ni pé 200 GB lè ṣófo ní /home nígbà tí gbòǹgbò ti há. Btrfs, ọ̀nà ìtò fáìlì kan fún Linux, yanjú èyí, torí inú àpò kan náà ni àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ti ń bu ààyè. ext4, ọ̀nà ìtò fáìlì mìíràn fún Linux, ní tirẹ̀ ń fi 5% pamọ́ fún root, ìyẹn alákòóso kọ̀ǹpútà. Lórí 1 TB, 50 GB nìyẹn. Àṣẹ tune2fs -m 1 ń dín in kù sí 1% lórí /home.

Swap, ààyè orí dísìkì tó ń ran RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà) lọ́wọ́, kò gbọdọ̀ kéré sí RAM bí a bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa sùn sórí dísìkì, ìyẹn kó máa kó ohun inú RAM síbẹ̀ kó tó kú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fáìlì swap 2 GB sí 4 GB tó.

Fífẹ̀ àti dídínkù

ext4 lè fẹ̀ nígbà tí a ń lò ó lọ́wọ́, bí ààyè òfìfo bá wà lẹ́yìn òpin rẹ̀ gan-an. Bí òfìfo náà bá wà níwájú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, gbogbo dátà ni a óò ṣí nípò. Ó lè gba wákàtí púpọ̀, bí iná bá sì lọ láàárín rẹ̀, ìpín náà lè bàjẹ́. XFS, ọ̀nà ìtò fáìlì mìíràn, ń fẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sún kì.

Láti inú Windows ni kí a ti dín ìpín Windows kù. Ó sábà máa ń kọ̀ ní ibì kan, torí àwọn fáìlì tí kò ṣe é gbé wà níbẹ̀, bíi hiberfil.sys, fáìlì tí Windows fi ń sùn sórí dísìkì. Àṣẹ powercfg /h off ń pa fáìlì yìí rẹ́, ó sì ń pa Fast Startup (ìdìde kíákíá Windows), èyí tí kì í jẹ́ kí Linux lè kọ nǹkan sórí NTFS, ọ̀nà ìtò fáìlì Windows. Bí BitLocker, ètò tí Windows fi ń ti dísìkì pa, bá wà, kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbòmíràn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀dà ìpamọ́ àwọn fáìlì wa kò gbọdọ̀ wà lórí dísìkì tí a ń pín. Bí ibi tí a fi í sí bá jẹ́ NTFS tàbí exFAT (ọ̀nà ìtò fáìlì mìíràn), kí a kọ́kọ́ di fáìlì Linux sínú tar, fáìlì àkójọ kan, kí àṣẹ ìní wọn má bàa sọnù.