DSP: ṣíìpù tí kò gbọdọ̀ pẹ́

DSP (digital signal processor) ni ṣíìpù tí wọ́n dìídì ṣe fún ìṣirò lórí ohùn, àwòrán tàbí ìgbì rédíò bó ṣe ń wọlé gẹ́lẹ́. Ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ gbajúmọ̀ ni TMS32010 ti Texas Instruments ní Amẹ́ríkà, tó dé ọjà ní 1983.

Ẹ jẹ́ ká fi ohùn tẹlifóònù ṣe àpẹẹrẹ. Ìgbà 8,000 ni wọ́n ń wọn ohùn náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan á sì di nọ́ńbà. Láti nọ́ńbà kan sí èkejì, máíkírósẹ́kọ́ńdì 125 péré ló wà (mílíọ̀nù kan máíkírósẹ́kọ́ńdì ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan). Nánósẹ́kọ́ńdì 200 ni TMS32010 ń lò lórí àṣẹ kan (nánósẹ́kọ́ńdì 1,000 ló wà nínú máíkírósẹ́kọ́ńdì kan). Ẹ ṣírò ó: àṣẹ 625 ló lè ṣe, kò tilẹ̀ ní tó bẹ́ẹ̀, torí àwọn àṣẹ kan ń gba ìlọ́po méjì àkókò yẹn. Bí kóòdù yín bá gba 700, nọ́ńbà tuntun ti kanlẹ̀kùn kí iṣẹ́ tó parí lórí èyí tó wà nílẹ̀, ohùn á sì máa já. Ìṣirò yìí ló yẹ kó ṣáájú gbogbo nǹkan, kódà kí ẹ tó ra ṣíìpù.

Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ sísẹ́ ariwo kúrò nínú ohùn kò ju kí a sọ nọ́ńbà méjì di púpọ̀, kí a ro èsì rẹ̀ mọ́ àpapọ̀, kí a tún bẹ̀rẹ̀. Intel 8086, ṣíìpù kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn, ń ná ìró aago inú ṣíìpù tó lé ní 100 lórí ìsọdipúpọ̀ kan ṣoṣo. DSP ní apá kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn. Àṣẹ kan, ó ti parí. Mẹ́mórì kóòdù sì yàtọ̀ sí ti nọ́ńbà, kí ọ̀kan má bàa dá èkejì dúró.

Àmọ́ kóòdù kò lè tún gbogbo nǹkan ṣe. Bí ìró tó ń gbọ̀n ní ìgbà 5,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan bá wọlé síbi tí a ti ń wọn ohùn ní ìgbà 8,000, bí ìró 3,000 ló ṣe máa jáde, kò sì sí ìṣirò tó lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí 3,000 gidi mọ́. Orí bọ́ọ̀dù tí ṣíìpù jókòó lé ni kí ẹ ti sẹ́ ìró bẹ́ẹ̀ kúrò, kó tó di nọ́ńbà rárá.

Ẹ tún ṣọ́ ohùn tó bá ga jù. Bí àpapọ̀ bá kọjá ààlà, ó máa ń yí bìrí di nọ́ńbà òdì, etí á sì gbọ́ ọ bí ìgbà tí nǹkan bú. Àṣẹ SOVM ló wà fún un lórí TMS32010: tí ẹ bá ti pè é, àpapọ̀ á dúró sí nọ́ńbà tó ga jù lọ, kò ní yí padà.