Backscatter: ohun tó ń da àmì funfun sórí fọ́tò abẹ́ omi

Ẹni tó bá ti gbé kámẹ́rà wọ abẹ́ omi rí, tó sì tan fláàṣì, á ti bá a pàdé: ẹja tó fẹ́ yà wà nínú fọ́tò lóòótọ́, àmọ́ àwọn àmì funfun róbótó-róbótó ti bo ojú rẹ̀. Àwọn kan á ní kámẹ́rà ló bàjẹ́. Àwọn mìíràn á ní iwin omi ni. Backscatter ni àwọn amòòkùn tó ń ya fọ́tò ń pè é, ibi tí a gbé iná sí ló sì ń fà á.

Kò sí omi tó mọ́ tán. Bó ti wù kó dán tó lójú, iyanrìn kíkúnná, ẹrẹ̀, ewé tó ti jẹrà àti àwọn ẹ̀dá tíntìntín ń léfòó káàkiri inú rẹ̀. Lára fóònù àti ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré, fláàṣì àti lẹ́ǹsì fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra. Kí iná tó dé ọ̀dọ̀ ẹja, àwọn ìdọ̀tí wọ̀nyí ló kọ́kọ́ bà, wọ́n á sì ta á padà tààrà sójú lẹ́ǹsì. Ẹni tó bá ti gun alùpùpù nínú ìkúùkù lóru, tó tan iná ńlá, mọ bó ṣe ń rí: bí iná ṣe ń pọ̀ tó ni ojú ọ̀nà ń pòórá tó.

Kí ló wá dé tí ìdọ̀tí tí ojú kò rí fi ń tóbi tó ojú ẹja nínú fọ́tò? Ẹ kọ́kọ́ wo agbára iná. Bí nǹkan bá jìnnà sí iná ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ náà ló máa kàn án. Ẹyọ iyanrìn tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí fláàṣì ń gba ìmọ́lẹ̀ tó ju ti ẹja tó wà ní mítà kan lọ ní ìlọ́po 100, ká má tíì ka èyí tí omi fúnra rẹ̀ ń gbé mì lójú ọ̀nà. Èkejì ni pé orí ẹja ni lẹ́ǹsì tẹjú mọ́. Ohunkóhun tó bá sún mọ́ ọn ju ìyẹn lọ kò ní fara hàn dáadáa, ṣe ló máa fẹ̀ di róbótó.

Ìdí nìyí tí ọ̀sà wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) fi ṣòro yà ju òkun lọ. Láàárín oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá, odò Ouémé á kún, á gbé ẹrẹ̀ ilẹ̀ òkè tó ti gba agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́ àti Kétu kọjá wá bá wa. Lásìkò yẹn, ẹ kàn fi kámẹ́rà sílẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi òkun ń gba Kútọnu wọlé, ẹrẹ̀ a máa dínkù, èèyàn lè dán nǹkan wò. Mo mọ̀ pé ìdí àkájà, ìyẹn ẹ̀ka igi tí apẹja rì mọ́ inú omi kí ẹja lè kó síbẹ̀, lẹja pọ̀ sí, ṣùgbọ́n àkájà ní olóhun, ẹ̀ka igi àti àwọ̀n tó wà níbẹ̀ sì lè so ẹni tó bá mòòkùn mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà fún àwọn apẹja.

Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ló dé tí a ò kàn pa fláàṣì? Nínú omi tí kò jìn, ohun tó yẹ ká ṣe gan-an nìyẹn. Bí oòrùn bá wà lókè, tí ẹ ò sì jìn ju mítà kan tàbí méjì lọ, ẹ pa á. Ibi tó jìn ni ọ̀rọ̀ ti yí padà, torí omi máa ń gbé àwọ̀ pupa mì kíákíá. Ní nǹkan bíi mítà 5, pupa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní mítà 20, ẹ̀jẹ̀ gan-an kì í pupa mọ́, ó máa ń dúdú, á fẹ́ jọ àwọ̀ ewé. Ẹni tó bá fẹ́ kí pupa padà ní láti gbé iná tirẹ̀ dání.

Ẹ yọ iná kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ǹsì. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń fi apá irin gbé fláàṣì jìnnà sí kámẹ́rà lọ́tùn-ún àti lósì, wọ́n á sì yí ojú rẹ̀ síta díẹ̀, kó lè jẹ́ etí ìmọ́lẹ̀ náà ló máa kan ẹja. Omi tó wà níwájú lẹ́ǹsì gan-an á wà lókùnkùn, ìdọ̀tí inú rẹ̀ ò sì ní rí iná ta padà. Nígbà tí Longley, onímọ̀ nípa ẹja, àti Martin, ayàwòrán ìwé ìròyìn National Geographic, ya fọ́tò aláwọ̀ àkọ́kọ́ lábẹ́ omi ní Florida lọ́dún 1926, orí pẹpẹ tó léfòó lókè omi ni wọ́n ti dáná sun ẹ̀tù magnesium, òkè ni ìmọ́lẹ̀ ti wá.

Ẹ sún mọ́ ohun tí ẹ ń yà pẹ̀lú. Kó má ju mítà kan lọ, kó má ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ bí omi bá dọ̀tí. Bí omi bá ṣe kéré tó láàárín yín ni ìdọ̀tí ṣe máa kéré tó. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín gbá ilẹ̀, torí ẹrẹ̀ tó bá ti ru sókè kì í tètè rọlẹ̀. Ẹ dojú kọ ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, kí èyí tí ẹ bá rú lè gba ẹ̀yìn yín lọ.

Ẹni tí kò tíì mọ̀wẹ̀ lè fojú ara rẹ̀ rí gbogbo èyí nínú ilé. Ẹ bu omi sínú ike tó mọ́ gaara, ẹ po ògì ṣíbí kan sí i, ẹ fi owó ẹyọ lé e lẹ́yìn. Ẹ pa iná yàrá, ẹ di tọ́ọ̀ṣì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú yín: omi á funfun báláú, ẹ ò ní rí owó. Ẹ wá gbé tọ́ọ̀ṣì lọ sí ẹ̀gbẹ́ ike, kó tàn sórí owó náà láti ibẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ti ń yọjú. Bí ògì bá pọ̀ jù, ẹ bu omi mọ́ ọn.

Kí ẹ tó gba pé backscatter ló ba fọ́tò yín jẹ́, ẹ tún un yà láìtan fláàṣì. Bí àmì náà bá pòórá, òun ni. Bó bá ṣì wà lójú kan náà, lẹ́ǹsì ló dọ̀tí tàbí kó jẹ́ pé omi ti kán sí gíláàsì àpótí kámẹ́rà, aṣọ rírọ̀ lẹ máa fi nù ún.