Sáà Ìdíje Snooker Àgbáyé 2019–20

Sáà 2019–20 ni Judd Trump, ọmọ ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ife-ẹ̀yẹ 6 nínú àwọn ìdíje snooker tí wọ́n ń kà mọ́ àtẹ ìpò. Kò sẹ́ni tó ṣe irú rẹ̀ rí láàárín sáà kan. 5 ni Stephen Hendry, Ding Junhui, Mark Selby àti Ronnie O'Sullivan dé dúró. Síbẹ̀ ife àgbáyé bọ́ mọ́ Trump lọ́wọ́. O'Sullivan ló gbà á, ní oṣù Kẹjọ, nítorí pé àrùn kòrónà ti lé ìdíje náà kúrò ní oṣù Kẹrin tó máa ń bẹ̀rẹ̀.

Eré orí tábìlì kékeré tí wọ́n ń gbá nílé ọtí àti lẹ́bàá ọ̀nà ní Nàìjíríà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní snooker, pool ni ní tòótọ́. Tábìlì snooker gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ó sì fẹ̀ ní 6. Bọ́ọ̀lù 22 ló wà lórí rẹ̀: pupa 15, àwọn aláwọ̀ mìíràn 6, àti funfun kan tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá. Pupa jẹ́ máàkì 1, dúdú jẹ́ 7. Pupa kan, aláwọ̀ kan, ni wọ́n máa ń gbá wọ ihò títí pupa yóò fi tán, kí wọ́n tó wá kó àwọn aláwọ̀ 6 ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ẹni tó bá fi dúdú tẹ̀lé gbogbo pupa, tó sì kó tábìlì tán láì tàsé, máàkì 147 ló ní. Láti ìgbà tí wọ́n bá to bọ́ọ̀lù títí ẹnì kan yóò fi borí ni wọ́n ń pè ní fréèmù kan.

Bí àtẹ ìpò ṣe ń ṣiṣẹ́

Nígbà tí àtẹ náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1976, tí Ray Reardon wà lókè pátápátá, ìdíje àgbáyé ọdún mẹ́ta nìkan ni wọ́n ń wò. Láti sáà 2014–15, owó ti di máàkì: pọ́n-ùn kan tí eléré bá gbà nínú ìdíje tí wọ́n ń kà, máàkì kan ni. Ọdún méjì ni máàkì náà ń lò lórúkọ ẹni tó ni ín, lẹ́yìn náà á kúrò.

Ibi tó ti ń ká àwọn eléré lára nìyí. Mark Williams gba ife àgbáyé lọ́dún 2018, £425,000 sì wọ orúkọ rẹ̀. Bí ìdíje àgbáyé 2020 ṣe parí, gbogbo £425,000 yẹn jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Williams gbìyànjú lọ́dún yẹn, ó wà lára àwọn 8 tó kẹ́yìn kí O'Sullivan tó fi 13 sí 10 yọ ọ́, àmọ́ owó ìpele yẹn kéré púpọ̀ sí èyí tó lọ. Eléré lè máa gbá dáadáa kó ṣì máa já wálẹ̀, bó bá jẹ́ pé ohun tó ṣe lọ́dún méjì sẹ́yìn tóbi ju agbára rẹ̀ ìsinsìnyí lọ.

Ohun kejì ni bí owó ṣe jìnnà síra. Ẹni tó gba Gibraltar Open ní sáà náà gba £50,000. Ẹni tó gba UK Championship gba £200,000. Ti ìdíje àgbáyé jẹ́ £500,000. Èèyàn ní láti gba Gibraltar lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó tó bá ẹni tó gba ife àgbáyé lẹ́ẹ̀kan dọ́gba. Ìwọ̀n yìí wúwo jù sápá kan. Owó Masters, ìdíje ńlá mìíràn, ńkọ́? £250,000 ni, ṣùgbọ́n kò fi máàkì kan ṣoṣo kún àtẹ, nítorí ìdíje ìpè ni, èyí tí wọn kì í kà mọ́ àtẹ ìpò.

Àtẹ ọlọ́dún méjì yìí ló ń yan àwọn 16 tó ń wọ Crucible, gbọ̀ngàn tí ìdíje àgbáyé ti ń wáyé, ní tààrà. Òun náà ló ń pinnu ẹni tí yóò máa bá iṣẹ́ lọ: ẹni tó bá wà nínú àwọn 64 àkọ́kọ́ lópin sáà kò ní ìṣòro, àmọ́ ẹni tí ọdún méjì káàdì rẹ̀, ìyẹn àṣẹ láti máa kópa nínú àwọn ìdíje náà, bá ti pé tí kò sì sí nínú wọn lè ní láti tún gba Q School, ìdíje tí wọ́n fi ń wá káàdì, wọlé. Àtẹ mìíràn wà tó jẹ́ ti sáà kan péré. Èyí ni wọ́n fi ń pe èèyàn 32 sí World Grand Prix, 16 sí Players Championship, àti, ní sáà náà, 8 sí Tour Championship.

Bí sáà náà ṣe lọ

Trump na Shaun Murphy ní 10 sí 3 nínú àṣekágbá International Championship ní ìlú Daqing, ní Ṣáínà, ó sì gba ipò kìíní lọ́wọ́ O'Sullivan. Lẹ́yìn náà ló gba World Open, Northern Ireland Open, German Masters, Players Championship àti Gibraltar Open. Murphy gba China Championship àti Welsh Open. Selby gba English Open àti Scottish Open. Ní York, Ding Junhui fi 10 sí 6 borí Stephen Maguire nínú àṣekágbá UK Championship.

Neil Robertson dé àṣekágbá mẹ́ta tẹ̀léra: ó na Zhou Yuelong ní 9 sí 0 ní European Masters, Trump nà án ní 9 sí 6 ní German Masters, ó sì borí Graeme Dott ní 10 sí 8 ní World Grand Prix. O'Sullivan ní òun kò lọ sí Masters, Ali Carter sì rọ́pò rẹ̀. Carter gbá eré dé àṣekágbá kí Stuart Bingham, ẹni ọdún 43, tó fi 10 sí 8 lé e sẹ́yìn.

Lẹ́yìn Gibraltar ní oṣù Kẹta, eré dáwọ́ dúró. Tour Championship, tó yẹ kó wáyé ní Llandudno ní Wales, bọ́ sí Milton Keynes ní oṣù Kẹfà, láìsí òǹwòran. Ding kò kópa; Maguire ni wọ́n fi dípò rẹ̀, òun ló sì gba ife náà, 10 sí 6 lórí Mark Allen, pẹ̀lú £150,000.

Ọjọ́ 31 oṣù Keje ni Crucible ní Sheffield ṣí. Kí àkókò lè tó, wọ́n gé ìpele mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ìdíje ìyege, èyí tí àwọn tí kò wọlé ní tààrà ń gbá, kúrú: ẹni tó bá kọ́kọ́ gba fréèmù 6 ló yege, dípò 10. Wọ́n gba òǹwòran láàyè lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà wọ́n ti ìlẹ̀kùn títí di àṣekágbá. John Higgins ṣe 147 nínú eré rẹ̀ pẹ̀lú Kurt Maflin, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún 2012, síbẹ̀ Maflin ló yege, 13 sí 11. Eré méjèèjì tó kángun sí àṣekágbá dé fréèmù tó kẹ́yìn pátápátá: O'Sullivan borí Selby ní 17 sí 16, Kyren Wilson borí Anthony McGill ní 17 sí 16. Àṣekágbá kò le tó bẹ́ẹ̀. 18 sí 8 ni O'Sullivan fi na Wilson, ife àgbáyé rẹ̀ kẹfà nìyẹn, àti ìkẹtàdínlógójì nínú àwọn ìdíje tí wọ́n ń kà, tó fi ọ̀kan kọjá 36 tí Hendry ní. Trump, tí Wilson ti fi 13 sí 9 yọ nígbà tó ku èèyàn 8, kò kúrò ní ipò kìíní.