Sẹ́ńsọ̀ PM2.5: bí ìlú ṣe ń díwọ̀n èéfín inú afẹ́fẹ́ rẹ̀

PM2.5 ni wọ́n ń pe eruku àti èéfín tó kéré débi pé fífẹ̀ rẹ̀ kò ju màíkírómítà 2.5 lọ. Fọ́nrán irun orí kan fẹ̀ tó 50 sí 70. Irun imú kò lè sẹ́ irú eruku bẹ́ẹ̀. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ tààrà, díẹ̀ nínú rẹ̀ a sì bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ààlà sí i: kò yẹ kó ju máíkírógíráàmù 5 lọ nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan bí a bá ṣírò ti ọdún kan pọ̀, tàbí 15 láàárín wákàtí 24.

Ìlú tó bá fẹ́ mọ àdúgbò tí èéfín ti ń pa wọ́n lára gbọ́dọ̀ máa wọ̀n ọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ ńlá tó péye lè ná ni ju 10,000 dọ́là lọ, nítorí náà sẹ́ńsọ̀ kékeré ni wọ́n ń gbé káàkiri. Ní Kampala ní Uganda, ẹgbẹ́ AirQo ti Yunifásítì Makerere gbé tiwọn sórí òpó àti sórí ọ̀kadà pàápàá.

Fáànù kékeré inú sẹ́ńsọ̀ ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, iná léṣà sì ń tàn dábùú ọ̀nà rẹ̀. Bí eruku bá kọjá, iná á ta sí ẹ̀gbẹ́; kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ á wo bí iná náà ṣe mọ́lẹ̀ tó, á sì fi díwọ̀n bí eruku ṣe pọ̀ tó. Kò gbé ohunkóhun lé òṣùwọ̀n. Ìmọ́lẹ̀ ló rí, ìwúwo ló fojú bù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń wá.

Bí ọ̀rinrin bá kọjá ìdá 80 nínú 100, bó ṣe máa ń rí ní Èkó lówùúrọ̀ ìgbà òjò, eruku á mu omi, á wú, sẹ́ńsọ̀ á sì rò pé èéfín ló pọ̀. Èéfín dísẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò rí bẹ́ẹ̀: ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò tó màíkírómítà 0.3, léṣà kì í sì í rí i dáadáa. Títì tí tírélà pọ̀ sí lè burú ju nọ́ńbà rẹ̀ lọ. Ní ti eruku ọyẹ́, èyí tó tóbi nínú rẹ̀ kì í wọlé tán, nítorí náà ẹ má fi sẹ́ńsọ̀ yìí wọn PM10, ìyẹn eruku tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju màíkírómítà 10 lọ.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ńlá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́ẹ̀rùn àti lójò, kí wọ́n fi nọ́ńbà méjèèjì wéra. Ní Amẹ́ríkà, EPA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò àyíká, ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ fún sẹ́ńsọ̀ PurpleAir: ẹ sọ nọ́ńbà rẹ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.524, ẹ sọ ọ̀rinrin di púpọ̀ pẹ̀lú 0.0862, ẹ yọ èyí kúrò nínú ti àkọ́kọ́, kí ẹ fi 5.75 kún un. Bí sẹ́ńsọ̀ bá gbé 60 jáde, tí ọ̀rinrin jẹ́ 85, ohun tó kù jẹ́ nǹkan bíi 30, ìdajì péré! Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ má gbé e wá sí Ìbàdàn bó ṣe wà.

Ẹ gbé e kọ́ ní mítà 2 sí 4 láti ilẹ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ fàlàlà, kó jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń sun sùyà àti sí ẹnu jẹnẹrétọ̀. Ẹ jẹ́ kí ihò rẹ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀ nítorí òjò. Sẹ́ńsọ̀ méjì nínú àpótí kan sàn ju ẹyọ kan lọ: bí nọ́ńbà wọn bá jìnnà síra, ó ṣeé ṣe kí eruku ti di fáànù ọ̀kan, tàbí kí aláǹtakùn ti ta sínú rẹ̀.

Ẹ má sì so ó mọ́ iná NEPA nìkan. Ìgbà tí iná bá lọ gan-an ni gbogbo àdúgbò ń tan jẹnẹrétọ̀, bí sẹ́ńsọ̀ bá kú nígbà yẹn, wákàtí tó burú jù ni kò ní sí nínú àkọsílẹ̀. Sólà àti bátìrì tó lè gbé e di ọjọ́ kejì ló yẹ ẹ́.